Ta Ló Máa Rí I? Àlàyé Ọ̀rọ̀ Orí Ayélujára fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Wọlé

Ọdún tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìbàdàn, rí àdìrẹ kan tó wọ̀ wọ́n lójú lórí Instagram. Wọ́n béèrè iye rẹ̀ lábẹ́ àwòrán náà, ọlọ́jà sì fèsì pé, "Ẹ wá sí DM, mà." Màmá ò mọ ibi tó ń jẹ́ DM. Wọ́n rò pé àdúgbò kan ni, bíi Dùgbẹ̀ tàbí Gbági. Ni wọ́n bá tún kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán yẹn pé àwọn ò mọ ọ̀nà ibẹ̀, kí ọmọ náà jọ̀ọ́ pe àwọn lórí fóònù. Wọ́n kọ nọ́ńbà wọn, wọ́n kọ orúkọ wọn ní kíkún, wọ́n kọ àdúgbò tí wọ́n ń gbé, wọ́n sì fi kún un pé owó ti wà nílẹ̀.

Kò tó wákàtí kan tí fóònù fi dún. Obìnrin kan ló pè, ohùn rẹ̀ tutù, ó ń kí wọn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ó fi líǹkì kan ránṣẹ́ pé kí wọ́n wo ọjà òun lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá wọn lójú. Màmá wò ó, aṣọ kan náà ni, àwòrán kan náà, orúkọ kan náà. Wọ́n san ₦18,000. Aṣọ ò dé. Nígbà tí mo wá kàn sí ọlọ́jà gan-an, ó ní láti ọjọ́ yẹn lòun ti ń retí Màmá ní DM.

"Àbẹ̀kẹ́," Màmá bi mí, "ṣé ojú mi ò ríran mọ́ ni?"

Ojú wọn ń ríran kedere. Ọ̀rọ̀ ni kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, ó sì dùn mí gan-an, torí èmi ni mo gbé Instagram sórí fóònù wọn, tí mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wo àwòrán, tí mo sì gba ilé mi lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ò le tó bí wọ́n ṣe ń dún. Tí ẹ bá bá ọ̀kan tuntun pàdé nínú wọn, ìbéèrè kan ni kí ẹ kọ́kọ́ bi í: ta ló máa rí i? Ó lè jẹ́ ẹ̀yin àti ẹnì kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ àwọn ojúlùmọ̀ yín, ó sì lè jẹ́ gbogbo ayé. Ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn ìyẹn ti mọ èyí tó ṣe kókó jù.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àdìrẹ wa. Àwòrán tí ọlọ́jà gbé síta yẹn ni wọ́n ń pè ní post. Ohunkóhun tí ẹ bá gbé sí ojú òpó yín, ọ̀rọ̀ ni o, àwòrán ni o, fọ́rán ni o, post ni. Ó dà bí ọjà tí a pàtẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ ló ń wò ó. Comment ni ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ níwájú àtẹ yẹn. Màmá rò pé ọlọ́jà nìkan ni àwọn ń bá sọ̀rọ̀, àṣé àárín ọjà ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ń fi ohùn rara ka nọ́ńbà fóònù wọn. Àwọn oníjìbìtì kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa kiri abẹ́ post àwọn ọlọ́jà, kí wọ́n máa wá ẹni tó bá kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

DM, ìyẹn Direct Message, ni yàrá inú ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ọlọ́jà ń sọ ni pé kí Màmá wọlé, kí wọ́n jọ dúnàá-dúrà níbi tí ẹlòmíì ò ti ní gbọ́. Lórí Instagram, ẹ ó tẹ orúkọ ọlọ́jà, ojú òpó rẹ̀ á ṣí, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ Message sí. Ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Àwọn mìíràn ń pe ibẹ̀ ní inbox. Ṣùgbọ́n bí ó ti jẹ́ yàrá náà, ẹni tí ẹ bá kọ̀wé sí lè ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, tí à ń pè ní screenshot, kó sì fi han ẹni tó bá wù ú. Ẹ má kọ ohun tí ẹ kò ní fẹ́ kó jáde síbẹ̀.

Báwo ni obìnrin yẹn ṣe wá fi ojú ọlọ́jà han Màmá? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti bá mi fara balẹ̀.

Kí èèyàn tó lè gbé ohunkóhun síta lórí àwọn ìkànnì yìí, ó gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì. Àkáǹtì ibí yìí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ti báǹkì. Màmá ò kọ́kọ́ fẹ́ ṣí i rárá, torí wọ́n rò pé wọ́n máa yọ owó àwọn níbẹ̀. Orúkọ yín nínú ìwé ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì yẹn ni, pẹ̀lú password, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹ fi ń wọlé. Profile ni ojú tí àkáǹtì yín ń fi han ayé: àwòrán yín, orúkọ yín, àti bio, ìyẹn gbólóhùn díẹ̀ tí ẹ fi sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́.

Ọ̀nà méjì ni orúkọ pín sí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì mọ̀. Àkọ́kọ́ ni orúkọ tí ẹ kọ gàdàgbà sójú profile. Ẹgbẹ̀rún èèyàn lè jẹ́ orúkọ yẹn, ẹnikẹ́ni sì lè kọ orúkọ ẹlòmíì síbẹ̀. Èkejì ni handle, èyí tí àmì @ máa ń ṣíwájú rẹ̀. Òun ni kì í jọra: lórí ìkànnì kan, ẹnì kan ṣoṣo ló lè ní in. Ẹ wò ó bí nọ́ńbà ara ọkọ̀. Ọkọ̀ tó jọra pọ̀ lójú títì, àwọ̀ kan náà, irú kan náà, nọ́ńbà ara wọn la fi ń mọ ìyàtọ̀. Obìnrin tó pe Màmá ti kó àwòrán ọlọ́jà, ó ti kó orúkọ rẹ̀, ó sì ti kó àwòrán gbogbo àdìrẹ rẹ̀ sójú òpó tirẹ̀. Handle nìkan ni kò lè kó. Ó wá fi ìlà kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní underscore, sísàlẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Ìlà yẹn ni ₦18,000 bá lọ.

Ẹ tún kíyè sí i pé ẹni tó ni handle kan lórí Instagram lè má jẹ́ ẹni tó ni irú rẹ̀ lórí X (Twitter àtijọ́) tàbí TikTok. Ẹ má sì jẹ́ kí àmì búlúù tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tàn yín jẹ. Nígbà kan rí, àwọn gbajúmọ̀ àti ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń fún ní àmì yẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ̀ wọ́n wò. Láti ìparí 2022, owó oṣooṣù lèèyàn lè fi gbà á lórí X, láti 2023 sì ni Facebook àti Instagram náà ti ń tà á.

Ẹ̀yin àti àwọn ẹlòmíì ńkọ́? Lórí Facebook, friend ni ẹni tó béèrè tí ẹ sì gbà fún un. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ fọwọ́ sí i. Ẹnì kan ò lè ní ju 5,000 lọ. Follow ní tiẹ̀ kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ẹ tẹ̀lé gbajúmọ̀ kan, ohun tó bá gbé síta á máa dé ọ̀dọ̀ yín, òun ò sì mọ̀ yín rí. Subscribe lórí YouTube fẹ́ jọ ìyẹn, a kì í sanwó fún un. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé yín kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, ẹ sọ àkáǹtì yín di private. Èmi máa ń bá àwọn àgbà ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Like, àmì àtàǹpàkò yẹn, wọ orí Facebook lóṣù Kejì 2009. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le, àmọ́ ó ti dá wàhálà sílẹ̀ nílé Yorùbá. Ẹnì kan gbé àwòrán bàbá rẹ̀ tó ṣaláìsí síta, àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ like, àwọn àgbà wá ń béèrè pé kí ló dùn mọ́ wọn níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹjọ́ wí. Láti 2016 ni Facebook ti fi àwọn ojú mìíràn kún un: èyí tó ń sunkún, èyí tó ń bínú, èyí tí ẹnu yà, èyí tó ń rẹ́rìn-ín àti àmì ọkàn. Ẹ di like mú, ẹ má tètè gbọ́wọ́ kúrò, gbogbo wọn á jáde. Lójú tèmi, níbi ọ̀rọ̀ ikú, ó sàn kí èèyàn kọ ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn sínú comment. Ẹ sì rántí ìbéèrè wa: àwọn ẹlòmíì lè rí i pé ẹ tẹ like.

Share ni kí ẹ mú post ẹlòmíì, kí ẹ gbé e sí ojú òpó tiyín kí àwọn èèyàn yín lè rí i. Lórí X, ìyẹn Twitter tó yí orúkọ padà lóṣù Keje 2023, repost ni wọ́n ń pè é báyìí. Retweet ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Tag ni kí ẹ kọ handle ẹnì kan sínú post yín kí ó lè mọ̀ pé ẹ dárúkọ òun. Ẹ má tag èèyàn sí ohun tí kò kàn án, ó ń bí èèyàn nínú.

Status ti WhatsApp àti story ti Instagram jọra: wákàtí 24 ni wọ́n ń lò, wọ́n á sì lọ. Status yín, ẹni tí ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ tí òun náà sì fi tiyín pamọ́ ló ń rí i. Ẹ lè yan èyí tí yóò rí i nínú wọn, kí ẹ sì yọ àwọn kan sílẹ̀. Bí ó ti ń pa rẹ́ tó nì, screenshot kì í pa rẹ́.

Àmì kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ: #, ìyẹn hashtag. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ 2007, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Chris Messina kọ ọ́ sórí Twitter, ó ń béèrè bóyá kí àwọn máa fi àmì yìí ṣíwájú ọ̀rọ̀ tí ó bá pa àwọn èèyàn kan pọ̀. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ Twitter. Àwọn tó ń lò ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀, ní 2009 ni Twitter wá sọ ọ́ di ohun tí èèyàn lè tẹ̀. Bí ẹ bá tẹ hashtag, gbogbo post tó ní irú rẹ̀ á tò síwájú yín, bí ìgbà tí agogo kan kó àwọn ará ìlú jọ sí ojúde kan náà.

A mọ agbára rẹ̀ nílé wa. Nígbà tí wọ́n jí ọmọbìnrin 276 gbé ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Chibok ní oṣù Kẹrin 2014, #BringBackOurGirls ló gbé ọ̀rọ̀ wọn dé ilé ìjọba Amẹ́ríkà; Michelle Obama fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e dání nínú àwòrán. Lóṣù Kẹwàá 2020, #EndSARS ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń wá ara wọn rí, tí wọ́n fi ń wá dókítà àti lọ́yà fún ẹni tó bá fara gbọgbẹ́ tàbí tí wọ́n mú. Ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè, àti àwọn mìíràn fi #TweetYoruba pe àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi odidi ọjọ́ kan kọ Yorùbá lórí Twitter, kí ilé iṣẹ́ náà lè mọ̀ pé a wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi ń dùn tí mo bá rí àmì yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ tiyín, ẹ má fi àyè sáàárín ọ̀rọ̀, torí ibi tí àyè bá ti wà ni hashtag ti parí. Ẹ fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kó lè ṣeé kà. Èyíkéyìí tí ẹ bá sì kọ, kò ní kọjá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀lé yín tí àkáǹtì yín bá wà ní private.

Nígbà tí ẹ bá ṣí Facebook, ohun tó ń tò wá síwájú yín bí ẹ ṣe ń fi àtàǹpàkò tì í lọ ni feed. Ta ló ń tò ó? Algorithm ni, ìyẹn àwọn ìlànà tí wọ́n fún kọ̀ǹpútà láti fi yan ohun tí ẹ máa rí. Ẹ rántí fẹ́ńdọ̀ tó ń ta ìwé ìròyìn. Ká ní ó ń ṣọ́ ojú yín láràárọ̀, tó rí i pé ẹ máa ń dúró pẹ́ níwájú ìròyìn ìjà, tó wá di ọjọ́ kejì, ó to ìjà sókè pátápátá, ó sì kó ìyókù sábẹ́. Ohun tí algorithm ń ṣe gan-an nìyẹn. Kò dìgbà tí ẹ bá tẹ like. Bí ẹ bá kàn dúró wo fọ́rán kan tán, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Títí di 2016, bí wọ́n ṣe ń gbé post síta ni Instagram ń tò ó. Láti ìgbà yẹn, ohun tó rò pé ẹ máa fẹ́ ló ń mú ṣíwájú. Nítorí náà, feed yín kò rí bíi tèmi, ohun tó sì kún ojú fóònù yín lè má sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni ládùúgbò yín. Tí ọ̀rọ̀ kan bá wá tàn bí iná ọyẹ́ débi pé ojú òpó gbogbo èèyàn ló ti ń yọ, wọ́n á ní ó ti lọ viral.

Blog ńkọ́? Blog ni ojú ewé tí ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan ti ń kọ̀wé déédéé, èyí tó dé kẹ́yìn ló sì máa ń wà lókè. Jorn Barger, ọmọ Amẹ́ríkà, ló pè é ní weblog lóṣù Kejìlá 1997. Log ni ìwé tí ọ̀gá ọkọ̀ òkun ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí. Web ni ayélujára. Ní 1999, Peter Merholz fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, ó gé e sí "we blog", blog nìkan ló wá kù lẹ́nu aráyé. Ọdún yẹn náà ni Blogger, irinṣẹ́ tí èèyàn fi ń ṣí blog, jáde, tí Google rà ní 2003, ọdún tí WordPress, irú rẹ̀ mìíràn, bẹ̀rẹ̀. Lórí Blogger ni Linda Ikeji ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 2006. Tó bá jẹ́ fọ́rán lèèyàn ń ṣe dípò ìwé, vlog nìyẹn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín blog àti ojú òpó Facebook ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń kọ̀wé mọ̀. Facebook dà bí ìgbà tí wọ́n yọ̀ǹda yàrá kan fún yín lọ́fẹ̀ẹ́: onílé ló ni ilẹ̀kùn. Blog tí ẹ fúnra yín ra domain fún, ìyẹn àdírẹ́sì ilé bíi èyí tó ń parí sí .com tàbí .ng, tí ẹ sì ń san hosting, ìyẹn owó ilẹ̀ tí ilé dúró lé, súnmọ́ ilé tara ẹni. Ọdọọdún la ń sanwó domain, bí ẹ bá sì gbàgbé, ẹlòmíì lè rà á. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2021 ni ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Ó di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ẹni tó jẹ́ pé Twitter nìkan ló ń kọ̀wé sí, ó lé ní oṣù méje tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ nílé kò fi lè wọlé bá a, àfi ẹni tó bá mọ VPN lò, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí fóònù wọ ayélujára bí ẹni pé orílẹ̀-èdè mìíràn ló wà. Tí ẹ bá ń kọ ìtàn ìdílé tàbí oríkì ìlú yín sórí Facebook, mo bẹ̀ yín, ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíì.

Ó ku WhatsApp, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àgbà wa wà. Group ni àjọ tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti ń gbọ́ ohun tí ẹnì kan bá sọ, wọ́n sì ń rí nọ́ńbà ara wọn. Admin ni alága tó lè fini sí i tó sì lè yọni. Broadcast ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ kálukú bí ẹni pé òun nìkan lẹ kọ ọ́ sí. Forward ni kí ẹ ta àtaré ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Bí ẹ bá rí ọfà méjì lórí ọ̀rọ̀ kan, ó túmọ̀ sí pé ó ti gba ọwọ́ márùn-ún ó kéré tán kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹni tó kọ ọ́ lè má jẹ́ ẹnikẹ́ni tí ẹ mọ̀. Láti oṣù Kẹrin 2020, irú rẹ̀ kò ṣeé ta ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ọfà méjì yẹn kò tíì sí lọ́dún 2014 nígbà tí Ebola wọ Èkó. Lóṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan ń ti fóònù dé fóònù pé kí èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kó sì mu ún. Ẹni tó fẹ́ràn ẹbí rẹ̀ ló ń jí wọn láàárọ̀ kùtù torí rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lóṣù yẹn pé ó kéré tán, èèyàn méjì ló ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Ọ̀kan péré ló kù tí mi ò lè fò. OTP tàbí code ni nọ́ńbà mẹ́fà tó máa ń wọlé bí àtẹ̀jíṣẹ́ nígbà tí ẹnì kan bá ń fi nọ́ńbà yín ṣí WhatsApp. Kọ́kọ́rọ́ ilé yín ni. Oníjìbìtì á ní òun ṣèèṣì fi code òun ránṣẹ́ sórí fóònù yín, kí ẹ jọ̀ọ́ kà á fún òun. Bí ẹ bá kà á, ó ti wọlé nìyẹn, yóò sì máa fi orúkọ yín yá owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín. Ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, kódà kó jẹ́ èmi. Ẹ wọ Settings, ẹ wá Account, ẹ tan Two-step verification, kí ẹ sì yan nọ́ńbà àṣírí tí ẹ ò ní gbàgbé. Bí ẹnì kan bá ń yọ yín lẹ́nu, block máa ń lé e síta, mute máa ń pa ohùn rẹ̀ mọ́ yín létí láìjẹ́ kó mọ̀, report ní tiẹ̀ sì ni kí ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó ni ìkànnì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá pè mí láàárọ̀. "Àbẹ̀kẹ́, ọlọ́jà àdìrẹ yẹn kọ̀wé sí mi ní DM. Ó ní ẹ̀dínwó wà."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi ka handle rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń wá jígí ojú wọn. Wọ́n ń kà á díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá dákẹ́. "Ìlà kékeré kan wà nísàlẹ̀ níparí rẹ̀."

"Ẹ tẹ block, Màmá."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó pè ọ́," ni wọ́n wí.